Adájọ́ ní Ìta, Odi Nínú Ilé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ahọ́n, tí Ó sì fi eyín àti ètè ṣe ọgbà yí i ká. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn ọpẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwọn baálé ilé tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò sì tíì pé ọgọ́ta, àwọn tí wọ́n máa ń péjọ lójoojúmọ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Kò sí àdúgbò Mùsùlùmí kan, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Ìwó, ní Ẹdẹ tàbí ní Mushin, tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò sí. Àwọn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan wà ní ìdí igi máńgòrò, àwọn mìíràn wà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tàbí ní ìdí àtẹ oníwèé ìròyìn, níbi tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń ka ìwé kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ra á. Bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan ni, àga rọ́bà méjì mẹ́ta, àti fóònù kan tí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n jọ lọ sí ilé kéwú, wọ́n jọ gbéyàwó láàárín ọdún kan sí méjì, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti jọ yí Ká’bà ká. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ilé wọn, ọ̀rọ̀ àwọn olórin, àti ọ̀rọ̀ ìjọba.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Islam kórìíra kí ọ̀rẹ́ bá ọ̀rẹ́ jókòó. Jabir ọmọ Samurah ròyìn, nínú hádíìsì tí ó wà nínú ìwé Muslim, pé Ànábì a máa jókòó sí ibi tí ó ti kírun Àsùbáà títí oòrùn yóò fi yọ, pé àwọn Sàhábà a máa sọ ìtàn ìgbà àìmọ̀kan wọn níbẹ̀, wọn a máa rẹ́rìn-ín, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Alfa tí ó bá gun orí mínbárì láti kéde pé gbogbo ẹ̀rín inú ìjókòó ni haramu, kò tíì kàwé dé ibẹ̀. Ìjókòó kọ́ ni ẹ̀sùn. Ohun tí wọ́n ń gbé wá sí ìjókòó, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé kí wọ́n tó wá, ni ẹ̀sùn.

Láti inú ilé ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan yóò dé, yóò mí kanlẹ̀. Wọn yóò ní, “Alhaji, kí ló dé?” Yóò ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Kí ó tó jókòó dáadáa, gbogbo bẹ́ǹṣì ti mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kó àjọ, kò sì fi hàn án. Pé àwọn méjèèjì kò sùn sí yàrá kan náà láti oṣù tí ó kọjá. Pé ohùn obìnrin náà ga ju tirẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń jà lórí owó ilé-ìwé. Ẹjọ́ ti dé kóòtù nìyẹn. Adájọ́ méje ni ó wà níbẹ̀, olùjẹ́jọ́ nìkan ni kò sí. Ọ̀kan yóò ní kí ó má fún un ní owó oúnjẹ mọ́. Èkejì yóò ní fóònù ni ó ba àwọn obìnrin ayé ìsinsìnyí jẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tí àwọn ìyàwó tirẹ̀ méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni yóò dá ẹjọ́ ìkẹyìn: “Alhaji, fẹ́ ẹlòmíràn lé e, orí rẹ̀ á wálẹ̀.”

Ìyàwó kejì tí bẹ́ǹṣì fẹ́ fún ọkùnrin pọ̀ ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Suratu Nisai ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, ẹsẹ 3. Wọn a ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè, wọn a sì gbé ìparí rẹ̀ mì, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe déédéé, kí ó dúró lórí ẹyọ kan. Ọlọ́hun kò sọ ìgbéyàwó di pàṣán tí ọkùnrin yóò fi na ìyá àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú Sura yìí kan náà, ní ẹsẹ 35, Ó ti sọ ibi tí ẹjọ́ tọkọtaya yóò lọ bí ìjà bá dé: onílàjà kan láti inú ẹbí ọkọ, onílàjà kan láti inú ẹbí ìyàwó, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ àtúnṣe. Ẹ kà á dáadáa. Obìnrin ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ náà. Lórí bẹ́ǹṣì, ta ni aṣojú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àjọ tí ó kó náà, aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọkùnrin yìí gan-an ni ó fi rà.

Ti àṣírí ibùsùn tún burú ju èyí lọ. Abu Sa’id al-Khudri gba hádíìsì wá, ó wà nínú ìwé Muslim, pé nínú àwọn tí ipò wọn yóò burú jù lọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ní ọjọ́ Àjíǹde ni ọkùnrin tí ó bá ìyàwó rẹ̀ dá wà tán, tí ó wá ń tú àṣírí rẹ̀ síta. Àwọn tí wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa ara wọn lẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń dúró ní sàfù kìíní ní ọjọ́ Jímọ̀. Àṣírí náà kì í sì í dúró lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ yóò sọ ọ́ fún ìyàwó tirẹ̀ lálẹ́. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gòkè, ó ti dé ìsọ̀ obìnrin náà ní ọjà. Ibẹ̀ ni obìnrin náà yóò ti mọ̀ pé ọkọ òun, tí kì í bá òun sọ̀rọ̀, ní ẹnu.

Èyí ni ó sì yẹ kí ó ká ènìyàn lára jù lọ. Ọkùnrin tí ó fi wákàtí mẹ́ta rojọ́ ní ìta, bí ó bá ti wọlé, yóò di odi. “Ẹ káàbọ̀.” “Hẹn.” “Ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?” “Gbé e wá.” Ó tán. Ọmọ tí ó fẹ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ yóò wo ojú rẹ̀, yóò padà sẹ́yìn. Àwọn kan a máa pe èyí ní iyì baálé ilé. Ta ni baálé ilé tí ó níyì ju Ànábì lọ? Aishah, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, jókòó ti Ànábì, ó ń ròyìn fún un nípa àwọn obìnrin mọ́kànlá kan tí wọ́n péjọ, tí wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn pé àwọn kò ní fi ohunkóhun pamọ́ nípa ọkọ àwọn. Ìtàn náà gùn. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim, àwọn onímímọ̀ sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá inú rẹ̀. Ànábì, ẹni tí ọ̀ràn ogun, ọ̀ràn ìlú àti ọ̀ràn ẹ̀sìn wà ní ọrùn rẹ̀, gbọ́ ọ láti orí obìnrin kìíní dé orí ìkọkànlá. Nígbà tí ó parí, láti inú ìtàn náà gan-an ni ó ti fa ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yọ tí ó fi dá a lóhùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní ibòmíràn kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ọkùnrin tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì léèrè: ọdún wo ni ó gbọ́ ìtàn kan láti ẹnu ìyàwó rẹ̀ dé òpin?

Ní ti àwọn olórin, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà ì bá pa ènìyàn, bí kò bá ṣe ti àwọn ọmọ tí ń wòran. Fújì ni ó máa ń gba iwájú. Ọmọ ilé Mùsùlùmí ni fújì, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ: láti inú wéré ni ó ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Ohun tí ó ń jí ènìyàn láti jẹ sààrì ni ó wá di ohun tí ń gbé ènìyàn jókòó ti ọtí títí dí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjà Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá pín àdúgbò sí méjì. Barrister kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà ìjà náà, tí irùngbọ̀n wọn ti funfun báyìí, ṣì ń fa ara wọn láṣọ lórí ẹni tí ó ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Wọ́n lè ka ohun tí ó wà nínú àwo orin ogójì ọdún sẹ́yìn láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ka Suratul Mulk.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò kọjú sí àwọn olórin ìsinsìnyí, wọn yóò sì di oníwàásù lójijì. Wọn yóò ní Naira Marley ti ba ọmọ jẹ́, wọn yóò ní TikTok ti tú ọmọbìnrin sí ìhòòhò. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà pé ẹni tí ó bá ń fọ́n owó ká ni ọlọ́lá? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ju ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bobrisky sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ó ń fọ́n owó náírà ní òde àríyá. Ìdùnnú ni lórí gbogbo bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ òfin tí wọ́n fi mú un, èyí tí ó wà ní abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007, kò yọ ibi ìgbéyàwó sílẹ̀, kò yọ ibi ìsọmọlórúkọ sílẹ̀, kò sì yọ wọ̀límọ́tù sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n ń dúró lójú agbo wọ̀límọ́tù, tí wọ́n ń lẹ owó tuntun mọ́ iwájú orí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Al-Kùránì tán, tí wọ́n sì ń fi bàtà tẹ èyí tí ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn Alfa kan máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kì í ṣí ẹnu, àpò ni wọ́n máa ń ṣí.

Ọmọ tí ó rí èyí láti kékeré, tí ó wá dàgbà, tí kò ríṣẹ́, tí ó sì bọ́ sínú iṣẹ́ Yahoo, níbo ni bàbá rẹ̀ wà? Ó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bú àwọn ọmọ Yahoo. Ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń bú. Nígbà tí ọmọ tirẹ̀ gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wọlé ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, àdúrà ni ó ṣe sí i. Kò bèèrè ibi tí owó ti wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjọba. Kò burú kí ènìyàn mọ ohun tí ń lọ ní ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí lítà epo tí kò tó 200 náírà ní Èkó sì kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìnira náà kan gbogbo ilé. Ẹ̀tọ́ ọkùnrin ni láti sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kí ni bẹ́ǹṣì ṣe sí i? Wọ́n pín sí méjì. Àwọn kan ní àwọn kò ní dìbò fún un mọ́ láéláé, àwọn kan ní kí wọ́n ní sùúrù fún un, ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún sì ń gba iwájú ara wọn kọjá láìsí sálámà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ akérò láàárín wọn ti ń bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìròyìn tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá, ni ó sì léwu jù. Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó ní oṣù Keje láti ara arìnrìn-àjò kan tí ó wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti Liberia. Ní òru ọjọ́ kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún káàkiri Nàìjíríà pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, pé òun ni kò ní jẹ́ kí Ebola mú ènìyàn. Àwọn baálé ilé jí ọmọ lójú oorun, wọ́n po iyọ̀ sínú omi, wọ́n fún wọn mu. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì kú nípa omi iyọ̀ yìí, àwọn mìíràn sì di èrò ilé ìwòsàn. Ebola kọ́ ni ó pa wọ́n. Ahọ́n ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n tọpasẹ̀ gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn, láti ilé dé ilé, ni wọ́n lé e lọ, kì í ṣe iyọ̀.

Ọlọ́hun ti kọ́ àwọn onígbàgbọ́ nínú Suratul Hujurat, ẹsẹ 6, pé bí aṣebi bá mú ìròyìn wá, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan ní ibi. Nínú Suratu Nisai, ẹsẹ 83, Ó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù bá ti dé etí wọn, wọn a tàn án ká, dípò kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ ìdí rẹ̀. Ànábì sì kìlọ̀ pé kí ènìyàn máa sọ gbogbo ohun tí ó bá ṣáà ti gbọ́, ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́. Bí ọkùnrin bá wá ní, “Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́,” ó rò pé òun ti wẹ ara òun mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́.

Ibi tí gbogbo èyí ti ń lọ lọ́wọ́ ni ládàánì yóò ti pe ìrun Ìṣáì. “Ó kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.” Abu Barzah ròyìn pé Ànábì kórìíra kí ènìyàn sùn ṣáájú ìrun Ìṣáì, ó sì kórìíra kí ó máa tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ yọ ọ̀rọ̀ tí ó ní àǹfààní sílẹ̀, nítorí Umar ròyìn pé Ànábì a máa bá Abu Bakr sọ̀rọ̀ ní òru lórí ọ̀ràn àwọn Mùsùlùmí. Ṣé ọ̀ràn àwọn Mùsùlùmí ni ti Barrister àti Kollington?

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Wọn yóò ní níbo ni kí ọkùnrin sọ ẹrù rẹ̀ sí? Owó oṣù kò tó, ọmọ kò ríṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ọkùnrin ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tí kò bá rí ọ̀rẹ́ bá sọ̀rọ̀, ìrònú yóò pa á. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ànábì Musa pàápàá, nígbà tí Ọlọ́hun rán an sí Firiaona, bẹ̀bẹ̀ pé kí Ó fi arákùnrin òun Haruna ti òun lẹ́yìn. Ó wà nínú Sura Taha. Ọkùnrin nílò ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù wo gan-an ni wọ́n ń sọ̀ lórí bẹ́ǹṣì? Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ kì í sọ ọ́ níbẹ̀. Yóò ṣì máa múra jáde láràárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kì í sọ ọ́. Ẹni tí ó wọ gbèsè kì í sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé òun ni wọn yóò fi ṣe ẹ̀rín bí òun bá ti dìde. Ẹrù ìyàwó ni wọ́n ń tú palẹ̀, tiwọn wà lábẹ́ agbádá. Nígbà mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń sin ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń ra oògùn láwìn.

Ànábì kò lé àwọn Sàhábà kúrò lójú ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní ibòmíràn tí àwọn ti lè bá ara àwọn sọ̀rọ̀. Ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: kí wọ́n rẹ ojú nílẹ̀, kí wọ́n má ṣe ènìyàn ní ibi, kí wọ́n dá sálámà padà, kí wọ́n máa pàṣẹ rere, kí wọ́n sì máa kọ ìwà burúkú. Bẹ́ǹṣì náà ní ẹ̀tọ́. Suratu Nisai, ẹsẹ 114, sì ti ka àwọn ohun tí oore fi lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ: ìpè sí sàráà, ìpè sí dáadáa, àti àtúnṣe láàárín ènìyàn.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é kò nílò ìwé òfin. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé orúkọ ìyàwó ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ àfi fún rere. Kí ẹni tí ìjà bá wà nílé rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ kan, kí àwọn yòókù sì pa ẹnu mọ́. Kí ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó ti wá kú sínú fóònù ẹni tí ó kọ́kọ́ gbà á. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá sì ń dá 500 náírà lọ́sẹ̀, nínú owó tí wọ́n fi ń ra dátà láti wo ìjà àwọn olórin, 16,000 náírà ni yóò wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tí ń ra oògùn láwìn yóò rí ìrànwọ́, ìyàwó ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kí wọ́n sì dìde bí ládàánì bá pe Ìṣáì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í sábà ju agogo mẹ́jọ àbọ̀ lọ tí wọ́n fi ń kí i tán. Ẹni tí ó bá ti mọ́sálásí gba ilé lọ tààrà yóò bá àwọn ọmọ lójúfò, oúnjẹ yóò ṣì gbóná, yóò sì bá ìyàwó rẹ̀ níbi tí ó ti ń ka owó ọjà. Kí ó jókòó tì í. Kí ó bi í léèrè bí ọjà ti rí, kí ó sì gbọ́ ọ dé òpin.